Ilẹ̀kùn Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Àwọn tó bá gbọ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé máa ń kọ́kọ́ bi mí léèrè òtútù. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Òtútù ní aṣọ tirẹ̀; ẹni tó bá wọ aṣọ náà, ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í dún.

Ní Ayétòrò tí wọ́n bí mi sí, orí pákó la ń gbé, orí pákó la sì ń rìn. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bí o bá jókòó sí yàrá, wàá ti mọ ẹni tó ń bọ̀ lórí afárá. Ẹsẹ̀ Ìye, ìyá mi, á dún wúwo lẹ́ẹ̀kan, á sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún tó máa ń dùn ún. Ti Akínyọmí, àbúrò mi, á máa ta kán-kán-kán bíi ti ewúrẹ́. Nílé Délé ọmọ mi, ní ìlú kékeré kan létí òkun níbí, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ọ̀nà títí dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè. Délé á ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró sẹ́yìn mi, mi ò ní mọ̀. Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni màá fò sókè.

"Màmá, èmi ni o! Ta lẹ rò pé ó ń bọ̀?"

"Bí o bá jẹ́ èèyàn, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dún."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín in.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni Délé ní kí n máa bọ̀, kí n wá bá òun tọ́ ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, ní Ode Ugbo àti ní àwọn ìletò tó yí i ká: agbọ̀n híhun, ère gbígbẹ́, amọ̀ mímọ. Mo dé, mo tọ́ ọmọ náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tí Délé àti ìyàwó rẹ̀ ń jáde láàárọ̀, ilé náà wá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń fi ṣíbí kan ife kí n lè gbọ́ nǹkan.

Mo wá iṣẹ́ lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan gbà mí síbi ìfọṣọ wọn. Aṣọ ibùsùn ni mò ń fọ̀, tí mò ń ká. Àwọn ọmọbìnrin tí mo lè bí, tí mo lè bí ìyá wọn pàápàá, ló ń pè mí ní "olólùfẹ́". "Olólùfẹ́, gbé ìyẹn wá. Olólùfẹ́, ilẹ̀ yìí tutù." Mo sọ orúkọ mi fún wọn. Mo tún un sọ. Mo pín in sí ọ̀nà méjì bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kìíní. Wọ́n ní orúkọ náà dùn púpọ̀, wọ́n sì ń pè mí ní olólùfẹ́ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, bí mo bá ń kọjá lọ lójú omi, àwọn géńdé tó ń tu ọkọ̀ máa ń gbé àjẹ̀ wọn sókè kí wọ́n lè kí mi: "Tíṣà, ẹ kú ojúmọ́ o!" Mi ò sọ ọ́ láti fọ́nnu. Mò ń sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà á lè mọ ohun tí èèyàn ń bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ibodè, tí kò sẹ́ni tó máa bá a gbé e.

Ọ̀nà etíkun ni mo máa ń gbà darí sílé láti ibi iṣẹ́. Òkun wọn dúdú, ó sì ń bínú láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òkun ni. Ó ń da nǹkan sílẹ̀ bíi ti tiwa: pákó, okùn, léfòó tó ń gbé àwọ̀n ró lójú omi, ike, bàtà ẹsẹ̀ kan. Àwọn èèyàn ń fò ó kọjá. Èmi ò lè fò ó. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn láti kékeré pé ohun tí omi bá gbé wá, kí a yí i wò kí a tó fi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú ahéré ẹ̀yìn ilé Délé, tí wọ́n ń kó ohun èlò ọgbà sí. Mo ń so wọ́n pọ̀. Mo ṣe obìnrin kan tó ń yan ẹja, mo ṣe ọkọ̀ kan tí ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo tún ṣe pẹpẹ ìwé kan fún ọmọ ọmọ mi, mo gbé e sí yàrá rẹ̀.

Délé wò ó, ó fọwọ́ kàn án.

"Màmá, ẹ ò kan ìṣó yìí wọlé tán o. Orí rẹ̀ yọ síta. Yóò ya ọmọ láṣọ."

"Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kàn án."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kàn án níbo?"

"Nílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa tú u?"

"Màmá, ilé yìí ò lọ síbì kankan. Bíríkì ni."

Ó mú òòlù, ó kàn wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró, mò ń wò ó.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí kì í ṣe gbogbo Yorùbá ló ń gbé bí a ṣe ń gbé. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí òkun bá ti jẹ ilẹ̀ débi tí ìgbì ń ta sí ọ lára lórí ibùsùn, a kì í dúró kí ilé wó. A ó tú u. Pákó kọ̀ọ̀kan ní àmì tí bàbá mi fi ọ̀bẹ gé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ pákó tó tẹ̀ lé e. A ó rù wọ́n lọ sẹ́yìn, síbi tí ilẹ̀ ṣì wà, a ó sì tò wọ́n padà. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti rìn bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà, ó sì ti tún rìn lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi kì í fi í kan ìṣó wọlé tán. Á fi orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí òòlù lè rí i fà lọ́jọ́ tó bá yá. Èyí tó bá tẹ̀, àwa ọmọ la máa ń lù ú tọ́ lórí irin. Àwọn tó wá láti òkè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, máa ń wo ilé wa bí ilé tí a ò kọ́ parí. A kọ́ ọ parí. A kọ́ ọ bí ẹni tó mọ òkun.

Ilé ìtọ́jú náà ní ọjọ́ kan tí wọ́n máa ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn arúgbó. Wọ́n ní kí n gbé tèmi wá pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni Rúùtù ti rí i. Rúùtù ló ń bójú tó gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ọnà hàn ní ìlú náà. Obìnrin rere ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó yí obìnrin ayanja mi ká, ó tún un yí ká. Ó bi mí ní orúkọ mi, ó sì pè é, kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó pè é. Ó ní òun máa fún mi ní àárín gbọ̀ngàn náà. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé kò sí nǹkan kan láti ilé gan-an tí mo lè fi kún un, nítorí gbogbo èyí tí mo kó yìí, ìdọ̀tí etíkun tiwọn ni.

Mo pe Akínyọmí. Mò ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárò wa. Ṣé ẹ ti jẹun, àbí tíì ni wọ́n tún fi bọ́ yín?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Kí ló ń dún báyẹn?"

"Òòlù ni. A ń tú ilé. Omi ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná."

Mo jókòó. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn ti rí ibì kan lẹ́yìn, àwọn ti ń ri òpó. Mo béèrè ilẹ̀kùn Ìye, èyí tí bàbá wa ṣe fún un. Ó ní ó wà nílẹ̀, wọ́n fi ti àwọn pákó, nítorí kò tíì sí ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbé e sí.

"Yá mi," ni mo wí.

"Ẹ fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe kí ni lọ́hùn-ún?"

"Mo fẹ́ fi han àwọn èèyàn."

"Wọn ò rí ilẹ̀kùn rí ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ní kí n gbé e wá, màá gbé e wá. Ṣùgbọ́n yíyá ni o, mi ò ta ilẹ̀kùn Ìye. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó ti padà dé. Ìyàwó mi ò ní sùn nínú ilé tí atẹ́gùn ń bá èèyàn wọ̀ ọ́."

"Yóò padà dé."

Pákó ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá mi ní ni ó fi ṣe ilẹ̀kùn náà nígbà tí ọkọ̀ náà gbó. Lẹ́yìn rẹ̀, níhà ilé ìdáná, èéfín ẹja ti kùn ún dúdú. Lọ́jọ́ tó dé, tí mo tú àpò ara rẹ̀, Délé tó ti ń hu ewú tẹ imú mọ́ ọn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ó ń rùn. Ó lọ sókè, mi ò sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ṣe obìnrin gíga kan tó ń rìn. Pákó etíkun wọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn àti léfòó wọn ni irun rẹ̀, ilẹ̀kùn Ìye sì ni àyà rẹ̀. Mo gé àmì sí ẹ̀gbẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan bí bàbá mi ṣe ń ṣe. Mo fi orí ìṣó sílẹ̀. Ilé Tó Ń Rìn ni mo pè é.

Èèyàn wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin ibi ìfọṣọ wá pẹ̀lú, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì pè mí ní Ìyáàfin, pẹ̀lú orúkọ mi, níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ti gba ìwé ẹ̀yẹ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Inú mi ò dùn tó báyìí lọ́jọ́ tí mo gbà á. Lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ pé àwókù ilé láti etíkun Áfíríkà ni mo fi ṣe é. Mo pe Rúùtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kì í ṣe àwókù. Ilé náà ò wó. Wọ́n ń tò ó lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yá ara rẹ̀ kan ló wá kí yín."

"Ó mà dára o!" ni ó wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ó sì pààrọ̀ ìwé ara ògiri náà.

Nígbà tí àkókò tí a dá fún àfihàn náà pé, Rúùtù bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, àwọn ilé ìwé fẹ́ wá wò ó. Olùkọ́ ni mí. Ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé bẹ̀ mí tí n ó kọ̀? Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n kó rántí pé ilẹ̀kùn náà ń lọ sílé. Ó dì mọ́ mi. Ó ní báwo lòun ṣe lè gbàgbé.

Akínyọmí ń pè. Òpó ti dúró. Ògiri ti dúró. Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ìhà òkun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù tó ń wò wá. Ìyàwó mi ní kí n bi yín bóyá ilẹ̀kùn náà ti gba ìwé ìgbélùú."

Mo gbé òòlù mi, mo lọ sí gbọ̀ngàn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà, mi ò rí orí ìṣó kankan. Mo fi ìka mi wá wọn bí afọ́jú. Ara rẹ̀ dán. Nǹkan kan tó dà bí oyin tó ti gan wà ní gbogbo oríkèé.

Rúùtù jáde wá, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ti rí i! A fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún yín. Ìṣó wọ̀nyẹn ì bá gún ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí náà káfíńtà wa kàn wọ́n wọlé tán, ó sì da gúlúù sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́ láéláé. A ti fọwọ́ sí i pé kó máa gbé níbí títí ayé."

"Mo sọ fún yín pé ilẹ̀kùn yìí ń lọ sílé."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan lójú mi. "Mo rò pé... mo rò pé ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ nìyẹn."

Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ sí mi ní ilẹ̀ yìí lọ. Kò purọ́, kò sì jalè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e kọ́ ara ògiri. Ohun kan ṣoṣo tí kò wá sí i lọ́kàn ni pé àbúrò mi wà níbì kan, tó ń wo òjò. Bẹ́ẹ̀ ni àjèjì ṣe ń gbé láàárín wọn: gbogbo ohun tó bá sọ, àpèjúwe ni. Bó bá ní ebi ń pa òun, wọn á ní ẹ ò rí bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó ń pè mí ní olólùfẹ́ ò gbọ́ mi. Àwọn tó gbọ́ mi ò gbà mí gbọ́. N ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Rúùtù ní àwọn lè bá àbúrò mi ra ilẹ̀kùn tuntun. Mo ní àbúrò mi mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn.

Nílé, nígbà tí mo ní màá rẹ́ ilẹ̀kùn náà yọ, Délé gbá orí mú. "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín wà lára ògiri. Ọmọ mi mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀melòó ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn bíi tiwa?"

"Délé, ilé ta ni òjò ń rọ̀ sí?"

Ó dìde, ó lọ bá mi wá ayùn.

Káfíńtà wọn wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí mo gbé ayùn lọ. Kò lè wo ojú mi. Ó bá mi di pákó mú kó má baà mì, èmi ni mo sì rẹ́ ẹ. Gúlúù ò jẹ́ kí ayùn gba ibi tí mo fẹ́; mo ní láti gba inú ilẹ̀kùn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dà sílẹ̀, òórùn ẹja yíyan sì gba gbọ̀ngàn náà kan. Rúùtù ń sunkún. Ó ní mò ń ba ohun tó dára jù lọ tí ọwọ́ mi ti ṣe jẹ́. Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ, nítorí ọwọ́ mi ni.

Nígbà tí ilẹ̀kùn náà jáde, ó ti dín ní ìbú, etí rẹ̀ méjèèjì sì funfun bí egungun. Obìnrin náà dúró láìní àyà mọ́. Wọ́n bi mí ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Mo ní ohun tó kù lára rẹ̀, etíkun tiwọn ló ti wá. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ó wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdalẹ̀nù, wọ́n sì ti yọ orúkọ mi kúrò lára ògiri. Rúùtù ṣì ń kí mi bí a bá pàdé. A kì í dúró.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó dé Ayétòrò. Tapólì ni ìyàwó àbúrò mi fi dí ẹnu ọ̀nà títí dìgbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Akínyọmí pè.

"Ẹ̀gbọ́n, àlejò wa ti dé o. Ó rù nílẹ̀ òyìnbó! Ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì ń sọ pé hẹn, hẹn.

"Kò burú," ni ó wí. "Kò wọ ẹnu ọ̀nà tí mo ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà là ń gé bá ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ ri òpó kan sí i kí ẹnu ọ̀nà náà lè há díẹ̀. A ti fi igi díwọ̀n rẹ̀; ìyàwó mi gbìyànjú, ó gbà á kọjá. Èmi náà gbà á kọjá. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀. Ìye sanra, ẹ̀yin lẹ sì jọ ọ́. N ò fẹ́ kí ẹ dé tán, kí a wá máa fà yín bí ẹja tó há sáwọ̀n."

"Máa ṣe é lọ. Mo ti rù."

Mo gbọ́ tó gbé nǹkan kan sílẹ̀, bóyá òòlù ni.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rù tó?"

Mo na ọwọ́ mi síwájú, mo wò ó. Mò ń wá ohun tí mo lè fi wé e tó máa yé e, ẹnì kan tí a jọ mọ̀, ọkọ̀ kan, òpó kan. Ó ń dúró dè mí. Gbogbo ohun tó wá sí mi lọ́kàn, ti ibí ni, Akínyọmí ò sì mọ ìkankan nínú wọn.